Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Gé Ọ̀rọ̀ Wẹ́wẹ́ Níbi Ìsìnkú Bàbá Wa

Lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń lò fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ni àkọ́bí, èmi ni ìkẹta, bí wọ́n sì ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí inú bá bí, kó pa ìwé dé. Ọ̀wọ̀ díẹ̀ tó kù tí mo ní fún un, ó ná an tán lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá wa, níwájú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òyìnbó tó gé wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Agbowó, lódìkejì yunifásítì. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kan sì wà lẹ́yìn tó máa ń wúkọ́ dáadáa kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn wá, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti tẹ ọ̀rọ̀ gígùn tó pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè kà láyé lọ, mo sì ti rí i pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá ti mọ ohun tó fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa ń gùn jù. N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, n ò sì mọ ibi tó yẹ kí ohùn ti wúwo nínú wọn. Kò dí mi lọ́wọ́ rí. Mò ń jẹun, mò ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní Sẹkitéríàtì. Ilé rẹ̀ wà ní Akóbọ̀, ilé tí wọ́n to òpó ńláńlá sí iwájú rẹ̀, tí kò sì sí èyí tó gbé nǹkan kan dúró nínú àwọn òpó náà. Wọn kì í sọ Yorùbá nínú ilé yẹn. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wá kí màmá mi, wọ́n á dúró bí ẹni tó wá gba físà, màmá mi á rẹ́rìn-ín sí wọn, àwọn náà á rẹ́rìn-ín padà, ìkíni parí nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ti yí padà. Ó di pé kó tó sọ pé òun fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe.

Bàbá wa kú wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga wọn, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí apá Challenge. Wọ́n ti dàgbà dáadáa, nítorí náà a ò fi ẹkún da àdúgbò rú. Nígbà tí àwọn tó ń wá kí wa dín kù, àwa ọmọ jókòó ní pálọ̀ láti ṣètò ìsìnkú. Ẹnìkan ń sọ ti pósí, ẹnìkan ń sọ ti ìrẹsì, ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ti ibi tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa gbé mọ́tò wọn sí. Màmá mi ò dá sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí ni wọ́n wá ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́.

"Ìtàn ìgbé ayé bàbá yín tí ẹ máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni wọ́n wí, "ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ àìsàn mi sí i. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà yẹn, ẹ kà á síta kí bùrọ̀dá mi gbọ́."

Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Nígbà tí wọ́n bí mi, ẹsẹ̀ màmá mi méjèèjì kọ̀, wọn ò lè rìn, wọn ò lè dìde jókòó fúnra wọn, ó sì pẹ́ kí àìsàn náà tó lọ. Akọ̀wé kékeré ni bàbá mi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà nínú ilé tí àwọn ayálégbé kún bámúbámú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá mi á ti pọn omi, wọ́n á wẹ màmá mi, wọ́n á wẹ èmi náà, wọ́n á fọ ìtẹ́dìí mi àti ìró màmá mi tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ti bà jẹ́, wọ́n á sá a sórí okùn lójú gbogbo ọkùnrin inú ilé, kí wọ́n tó wá múra ibi iṣẹ́. Àwọn ẹbí bàbá mi ní kí wọ́n dá obìnrin náà padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá mi kọ̀. Ẹbí ní kí wọ́n fẹ́ ẹlòmíràn tó máa tọ́jú ọmọ. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ń fọ aṣọ wọn lọ títí ẹsẹ̀ fi padà sí ẹsẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí màmá mi ń pè ní bùrọ̀dá, wá láti ìlú wa ní Òkè Ògùn láti wo ohun tó ṣe àbúrò wọn. Bùrọ̀dá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n bá bàbá mi lórí àpótí, tí bàbá mi ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, tí wọ́n ń fọ ìró obìnrin. Bùrọ̀dá ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì sọ fún gbogbo ìdílé pé òtòṣì paraku ni àbúrò àwọn fẹ́, ọkùnrin tí kò lágbára àtigba ọmọ ọ̀dọ̀, tí ẹ̀rù ìyàwó sì ń bà. Láti ọjọ́ náà, Afọṣọ ni wọ́n ń pe bàbá mi nílùú. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn náà mọ orúkọ náà.

Màmá mi ò fìgbà kan ṣàlàyé fún wọn. "Tí mo bá sọ ọ́," ni wọ́n máa ń wí, "wọ́n á ní mò ń bo ọkọ mi láṣìírí ni. Ẹnu ọmọ ló yẹ kó ti jáde, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú pásítọ̀. Ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀, bùrọ̀dá mi ò ní jiyàn sí i." Bùrọ̀dá yìí ṣì wà láyé, wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọn ò gbọ́ òyìnbó kankan, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá sin àna àwọn. Ohun tí màmá mi ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, kí ẹ̀gbọ́n wọn gbọ́ irú ènìyàn tí ọkọ wọn jẹ́ kí àyè rẹ̀ tó bọ́.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ni màá kọ ọ́, èmi náà ni màá kà á." Màmá mi ṣàdúrà fún un, wọ́n fi ọwọ́ kan orí rẹ̀.

Nígbà tó gbé e wá sí Agbowó kí n tẹ̀ ẹ́, mo kà á títí, n ò rí bàbá mi nínú rẹ̀. Òyìnbó ni láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ philanthropist, bàbá mi tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi bírò sàmì sí ara ike ṣúgà kí a má baà jí i bù. Ọkùnrin náà tún ní punctuality tó jẹ́ characteristic rẹ̀, bàbá mi tó jẹ́ pé wọ́n pẹ́ débi ìgbéyàwó ara wọn. Mo wá àìsàn màmá mi lọ, mo wá a bọ̀. N ò rí ẹsẹ̀, n ò rí ìró, n ò rí abọ́ ìfọṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ màmá dà níbí?"

Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé gbogbo ayé mọ olóògbé mọ́ matrimonial conscientiousness, ìyẹn ni pé wọn kì í fi ojúṣe ọkọ ṣeré.

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yẹn," ló wí. "Àbí o fẹ́ kí n dúró níwájú kọmíṣọ́nnà kí n máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni?"

Ó ti pe kọmíṣọ́nnà, ẹ ẹ̀ rí i. Ó ti pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, àwọn ènìyàn tí wọn ò fojú kan bàbá mi rí. Torí àwọn yẹn ló ṣe máa sin bàbá tó bí i lédè tí ìyàwó òkú ò gbọ́. Mo ní kó kà á ní Yorùbá. Ó ní òun ò ní fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́. Pásítọ̀ wa, tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà nínú ìjọ tí òyìnbó ò yé, ní kó má ṣèyọnu, ògbufọ̀ tó máa ń dúró ti àwọn nígbà ìwàásù á dúró ti ẹ̀gbọ́n mi náà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ẹnìkan bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu òun, òun ò ní rántí ibi tó yẹ kí ohùn òun wúwo. Mo fẹ́ bá a fà á. Màmá mi ló ní kí n fi í sílẹ̀. "Dáwódù ni," ni wọ́n wí. "Ó ní òun ti fi í sí i. Ohun tó bá ti wà níbẹ̀, a máa gbọ́ ọ." Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Kí ojú má baà tì í níwájú àwọn ọ̀gá, ó gba olùkọ́. Ọmọkùnrin kan ni, tó ní ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ring Road. Ó gbé pátákó síta pé òun ń kọ́ni ní fonẹ́tíìsì, pé òun ń tún ahọ́n ṣe, tọmọdé tàgbà. Kò tíì jáde nílẹ̀ yìí rí, ṣùgbọ́n imú ló fi ń sọ̀rọ̀, kóòtù ló sì máa ń wọ̀ nínú ooru. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi dání torí pé èmi ni màá máa tún ìwé náà tẹ̀ bí olùkọ́ bá ṣe ní kó rí. Bí mo ṣe wo gbogbo rẹ̀ nìyẹn, n ò sanwó ìran.

Ọ̀nà tí olùkọ́ yìí ń gbà kọ́ni rèé. Á kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sójú pátákó funfun, á fi bírò pupa gé e sí sílébù. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa pe sílébù kọ̀ọ̀kan, á sì máa pàtẹ́wọ́ sí i. Bó bá wá kan èyí tó yẹ kí ohùn ti wúwo, kò ní pàtẹ́wọ́, ìkúùkù ló máa fi gbá tábìlì. Ọmọkùnrin náà ní etí ọmọ Yorùbá ò lè gbọ́ ìwúwo òyìnbó, àfi tí ọwọ́ bá bá a gbọ́ ọ. Ó tún wá ń kọ àmì ohùn "mí" sórí sílébù tí wọ́n máa gbá, ó ń kọ "dò" sórí àwọn yòókù, bí ẹni ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin.

Ẹ wá wo ọ̀gá ńlá, ẹni tí mẹ́sénjà ń ru báàgì tẹ̀lé, tó jókòó sórí àga ike tó ń pàtẹ́wọ́. "Phi," pá. "Lan," gbì! "Thro," pá. "Pist," pá. Kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Orí sílébù àkọ́kọ́ ló máa ń gbá tábìlì mọ́, lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára pé ẹni tó bá wà níwájú ni ọ̀gá. "Rárá, sà," ni olùkọ́ á wí, "ìkejì ló wúwo, sà." Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Cha-rac-te-ris-tic gba odidi ọ̀sán, tábìlì ń fò, ife ń fò, òógùn ń ṣàn lórí aṣọ olówó ńlá. Nígbà tó wá kan conscientiousness, olùkọ́ fúnra rẹ̀ gé e sí mẹ́rin, ó pa á rẹ́, ó gé e sí márùn-ún. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ni bàbá wa jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáde lọ dúró sórí àtẹ̀gùn.

Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́ wọn. Pá, pá, gbì, pá, pá. Obìnrin tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ bi mí bóyá káfíńtà ló wà lókè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní pósí ni wọ́n ń kàn.

Mo tún ìwé náà tẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó rí. Mo jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi kí ojú má baà ni ọ̀gá lára, mo fi dáàṣì gé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn, mo fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tó wúwo. Ojú ewé náà wá rí bí ibi tí eku ti jẹun. Bí ọ̀rọ̀ màmá mi ṣe wá jáde nínú ẹ̀rọ rèé: mat-ri-MO-ni-al con-sci-EN-tious-ness. Mo mú un lọ́wọ́, mo wò ó títí. Bàbá mi tó fọ ìgbẹ́ mi ni wọ́n sọ di èyí.

Kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé, ó wá dán an wò lójú màmá mi ní pálọ̀. Ó dúró, ó gbá ọrùn àga gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Màmá mi jókòó tọwọ́tẹsẹ̀ papọ̀, bó bá ti gbá àga, wọ́n á wò mí.

"Ṣé ibẹ̀ nìyẹn?"

"A ò tíì débẹ̀, mà."

Nígbà tó débẹ̀, mo ní, "Ibẹ̀ nìyẹn, mà."

"Ó mà kúrú o," ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ọmọ mi, bùrọ̀dá mi ò lè gbọ́ eléyìí. Jọ̀ọ́, tó o bá kà á tán, bá mi fi Yorùbá kún un. Kò ní gùn. Ṣáà ní wọ́n fọ aṣọ mi nígbà tí n ò lè dìde, kì í ṣe pé wọn ò lówó, àánú mi ló ṣe wọ́n."

N ò tíì rí ibi tí màmá mi ti bẹ ọmọ wọn báyìí rí. Ara ẹ̀gbọ́n mi rọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní bí òun bá ti ka ìlà yẹn tán, òun á dúró, òun á sọ ọ́ ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí i, kí òun tó ṣí ojú ewé kejì. Mo bá a kọ "Yorùbá" sí ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì fi ìlà sí i nídìí. Màmá mi sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Àwọn ará Òkè Ògùn fi bọ́ọ̀sì wá, wọ́n fi wọ́n sí apá òsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bùrọ̀dá màmá mi wà ní ìjókòó iwájú pátápátá pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Àwọn ènìyàn Sẹkitéríàtì wà lápá ọ̀tún. Kọmíṣọ́nnà ò wá. Ó rán ẹnìkan, ẹni náà sì ti sùn kí wọ́n tó parí orin àkọ́kọ́.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa nílé, ní Òkè Ògùn, tó yẹ kí n sọ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lè yé yín. Bí wọ́n bá ń ka ìtàn olóògbé, tí wọ́n bá ka iṣẹ́ rere kan tó ṣe, gbogbo ìjọ á dáhùn pé "Àmín." Ẹni tó bá pa ẹnu mọ́, wọ́n á ní ó ń bá òkú ṣọ̀tá. Àwọn àgbà wa tó wá láti ilé ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn, pàápàá bùrọ̀dá tó jẹ́ pé àwọn ló sọ òkú lórúkọ burúkú. Wọ́n fẹ́ ṣe àmín. Wọ́n ti múra àtiṣe é. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n ń kà sí wọn létí, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tí iṣẹ́ rere wà?

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn wọ́n. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó dé philanthropist. Ẹ̀kọ́ Ring Road ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè pe ọ̀rọ̀ náà mọ́ láìgbá nǹkan. Ó fi ìkúùkù gbá tábìlì ìwàásù, gbì! Àwọn àgbà wo ara wọn. Bùrọ̀dá gbé ọ̀pá sókè, wọ́n ní, "Àmín!" Gbogbo apá òsì gbè é lẹ́sẹ̀, "Àmín!"

Ó dé characteristic. Gbì! "Àmín!" Ó dé responsibility. Gbì! "Àmín!" Nígbà tó yá, wọn ò tilẹ̀ dúró kí ọ̀rọ̀ parí mọ́. Bó bá ti gbá sílébù tó wúwo ni wọ́n ti dáhùn, ìyókù ọ̀rọ̀ náà á wá máa yọ́ jáde lábẹ́ ariwo wọn. Ó ka ti àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yọ bàbá mi lẹ́nu, ó fi òyìnbó gígùn pè é, ó gbá tábìlì sí i, wọ́n ṣe àmín sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Pásítọ̀ tẹrí ba, n ò mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Inú rẹ̀ ń dùn! Ó rò pé òyìnbó òun ti wọ àwọn ará oko lákínyẹmí ara. Ó na ọrùn, ó gbé ohùn sókè, ó ń gbá tábìlì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn. Mo ti bínú sí ènìyàn rí, mo ti kórìíra ènìyàn rí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó rí ṣákálá lójú mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá dé ìlà màmá mi. Mo tẹ orúnkún wọn kí wọ́n lè mọ̀. Màmá mi ò wo ibi tí wọ́n ti ń kàwé. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n yíjú sí, wọ́n fẹ́ rí ojú bùrọ̀dá nígbà tí wọ́n bá gbọ́. "Matri-mo," gbì! "Àmín!" "Consci-en," gbì! "Àmín!" Bùrọ̀dá tún fi ọ̀pá gbálẹ̀ sí i. Èyí ló pariwo jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ méjì ló tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ibi tí Yorùbá yẹ kó wọlé nìyẹn. Mo rí i tó ya ẹnu. Ó wo apá òsì, ó rí bí wọ́n ṣe ń mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣí ojú ewé kejì.

Màmá mi ṣì ń wo ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ń wò wọ́n títí ẹ̀gbọ́n mi fi kàwé tán.

Nígbà tí a sin bàbá tán tí a padà délé, mo ká ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. "Yorùbá tí ẹ ṣèlérí fún màmá dà?"

"Ṣé o ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àmín ni?" ló wí. "Ó yé wọn. Kí ni mo tún fẹ́ máa túmọ̀?" Ó wá bi mí bóyá mo gbọ́ bí òun ṣe pe conscientiousness. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá dúró ni, ìyókù ìsìnkú ì bá bàjẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá màmá mi àti bùrọ̀dá. Wọ́n ti gbé oúnjẹ fún bùrọ̀dá, ará ilé ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bùrọ̀dá bu òkèlè, wọ́n ní ìwé tí wọ́n kà ní ṣọ́ọ̀ṣì dára, ohùn ọmọ náà ròkè, ó mọ̀wé.

"Ọkọ rẹ ti lọ," ni wọ́n wí fún màmá mi, "kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò ní lọ́wọ́, àmọ́ ó gbìyànjú ìba tirẹ̀."

N ò lè gbà á. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ẹsẹ̀ tó kọ̀, mo sọ ti ẹbí bàbá mi tó ní kí wọ́n lé màmá mi lọ, mo ní, "Àánú ló mú bàbá mi jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ tí ẹ bá wọn, kì í ṣe òṣì." Màmá mi ò dá mi dúró. Wọ́n di etí ìró wọn mú, wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wò wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bùrọ̀dá gbọ́ mi títí. Wọn ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì kan èjìká mi, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Bó ṣe yẹ kí ọmọ gbèjà bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní bó ṣe rí nìyẹn, wọn ì bá ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Wọ́n kà á, bùrọ̀dá mi," ni màmá mi wí. Ohùn wọn ò ròkè rárá. "Wọ́n kà á. Ẹ ò gbọ́ ọ ni."

"Èmi?" Bùrọ̀dá gbé orí sókè kúrò nídìí abọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wọ́n. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sí ọ̀kan tí n ò ṣe àmín sí."